Abọ́ Òfìfo Orí Tábìlì Delima

Lókè ilẹ̀kùn ilé Delima Pinesi, ọ̀pá igi kédárì méjì ló wà níbi tí ẹlòmíì máa ń gbé àgbélébùú kọ́ sí. Àgbélébùú tirẹ̀ náà wà níbẹ̀ o, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n n kò ní torí pé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni kí n purọ́ fún yín: ọ̀pá yẹn ló wà láàárín.

Ọ̀pá tí a fi ń gbọn ìrẹsì ni. A máa fi ọ̀kan tẹ pòròpórò ìrẹsì wọ inú ọkọ̀ ojú omi, a ó fi èkejì nà án jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fọwọ́ lu ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn, èyí tó bá ti gbó á sì já sílẹ̀. Ìyá Delima ló gbẹ́ ọ̀pá náà fún un nígbà tó di ọ̀dọ́bìnrin. Ó lò ó fún ìgbà díẹ̀, ó gbé e kọ́, kò sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ títí irun rẹ̀ fi funfun. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Ìrẹsì ni kò sí.

Ìrẹsì tiwa kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbìn sóko. Inú adágún ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Ọlọ́run ló ń gbìn ín, àwa kàn ń bá A kórè ni, Ó sì fẹ́ ká máa fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú omi, gẹ́gẹ́ bí Ó ti pa á láṣẹ fún Bóásì àtàwọn olóko ìgbà náà. Kọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ni ibi tí tiwa ti ń hù jù, níbi tí omi ti ya wọ inú ilẹ̀ tí kò sì jìn. Nínú oṣù Júùnù, ewé rẹ̀ á sùn gbalaja lé ojú omi bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni kò fẹ́ wàhálà. Bí omi bá kún sí i nígbà náà, ṣe ni yóò fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Bẹ́ẹ̀, àsìkò yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ oníná máa ń fẹ́ kí omi kún. Wọ́n ti sé odò nísàlẹ̀, wọ́n mọ dáàmù gìrìwò sí i, ìgbàkígbà tí yìnyín bá yọ́, wọn a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Iná ń tàn yinrinyinrin ní Winnipeg, ìlú ńlá kan ní Kánádà tiwa níbí, ìrẹsì ń kú níwájú ilé wa, àtùpà epo la sì fi ń wo òkú rẹ̀, torí iná náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Delima kò bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbèjà ẹnikẹ́ni. Ó ń se oúnjẹ fún àwọn òyìnbó tó ń wá pẹja ní ilé àlejò etí omi ni. Lọ́jọ́ kan, ìgbìmọ̀ ìlú ń ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ omi, wọ́n ní kó gbé tíì wá. Ó gbé tíì wá, kò padà lọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti tíréè tíì, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló bi ìrẹsì?”

Wọ́n ní, “Bi í báwo?”

Ó ní, “Ẹ ti bi ẹja, ẹ ti bi ilẹ̀, ẹ ti bi àwọn tó ni ọkọ̀. Ta ló bi ìrẹsì bóyá ó fẹ́ kí omi kún?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n fún un ní àga àti fóònù, wọ́n ní kó máa gbẹnu sọ fún ìlú lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sí Winnipeg, ó lọ sí Toronto, ó lọ sí Ottawa débi pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ń bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Ilé àlejò tó ti ń dáná fún òyìnbó, òun ló jà títí tó fi di ti ìlú. Ó tún bá àwọn ìlú mìíràn tó jẹ́ ẹ̀yà wa, àwa tí a ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé, jà fún ẹ̀tọ́ igi gígé àti ẹja pípa. Ohun tó bá fẹ́ gbà fún ẹlòmíì, á gbà á. Tirẹ̀ nìkan ni kò rí gbà.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ oníná gbà láti rán èèyàn wá wo adágún wa, inú ìlú dùn. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Garneau ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń bọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ ọ́ ní Àkọ̀, bí ẹyẹ etí omi, kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tán. Ilé Delima ni wọn yóò ti jẹun.

Ní tiwa, àlejò kì í wọlé kó jáde láìjẹ ìrẹsì adágún. O lè má ní aṣọ, o lè má ní òrùlé tó dára, ṣùgbọ́n bí àlejò bá jókòó tí o kò rí ìrẹsì gbé ka iwájú rẹ̀, kí o kúkú yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ ká mọ̀ pé ilé ti di ahoro. Delima sì nìyí, kò ní ẹyọ kan. Ó ní awọ mùúsù kan, ẹran igbó oníwo tó tóbi ju màlúù lọ, tó ti fi èéfín pa láró fún odidi ìgbà òtútù kan, tó fẹ́ fi rán kóòtù fún Isidore, àbúrò rẹ̀, ìyẹn ọkọ mi. Ó gbé awọ náà, ó wa ọkọ̀ lọ bá àwọn ìbátan wa lókè odò, níbi tí dáàmù kò dé, ó fi ṣe pàṣípààrọ̀ àpò ìrẹsì kan ṣoṣo tó kù fún wọn. Ó sè é pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ igbó. Inú abọ́ igi ìyá rẹ̀ ló bù ú sí, abọ́ tí ó jẹ́ ti àlejò nìkan.

Àkọ̀ jẹun. Ó tún bù. Ó tún bù sí i.

Isidore ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ilé, ó sọ sí mi létí pé, “Rosali, ọwọ́ kóòtù mi ló ń jẹ lọ́wọ́ yẹn. Tó bá fi máa kan kọ́là, mo máa bá a jà.”

Kò pẹ́ púpọ̀, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ńlá kan ní Winnipeg, níwájú àwọn àgbà tí ìjọba yàn láti gbọ́ ẹjọ́ omi náà. Èmi náà bá Delima lọ, kó má baà dá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Delima sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó sọ bí Kọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ti rí tẹ́lẹ̀ àti bó ti rí báyìí. Wọ́n wá gbé máìkì fún Àkọ̀.

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Ó dìde tòun ti ẹsẹ̀ gígùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Delima bí ọmọ tó fẹ́ yin ìyá rẹ̀, ó ní, “Ní tòótọ́, èmi ò lè sọ pé ìrẹsì ti tán níbẹ̀. Mo jẹ ẹ́ nílé Arábìnrin Pinesi. Abọ́ mẹ́ta ni mo jẹ. Mi ò jẹ irú ẹ̀ rí.”

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Bàbá tó jókòó láàárín yọ awò ojú rẹ̀. “Arábìnrin Pinesi, ṣé lóòótọ́ lẹ fún wọn ní ìrẹsì?”

“Lóòótọ́ ni.”

“Ṣé ìrẹsì adágún ni?”

“Ìrẹsì adágún ni.”

Kò béèrè adágún wo. Mo fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn!”

Kò yí ojú sí mi. “Kí n sọ kí ni? Pé mo tọrọ oúnjẹ fún àlejò? Lójú àlejò?”

“Ìrẹsì wa ló ń lọ yìí o!”

“Mo gbọ́. Gbé ẹnu ẹ sọ́hùn-ún.”

Bí ẹjọ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Òyìnbó tó bá ka ìtàn yìí á ní ìwà òmùgọ̀ ni. Nínú ìlú wa, ẹnikẹ́ni ò bá a wí. Kò sí ilé kan tí kì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Isidore nìkan ló sọ pé bí wọ́n bá tún ń bọ̀, ká fún wọn ní búrẹ́dì díndín, kó lè rí awọ mùúsù mìíràn wọ̀.

Ọdún ń gorí ọdún. Delima kò jókòó. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ilé ìyanrẹsì, tòun ti ẹ̀rọ tó ń yan án àti èyí tó ń fẹ́ ẹ. Ó wá owó rẹ̀ kiri ọ́físì títí wọ́n fi fún un, ilé náà dìde létí omi, òrùlé rẹ̀ pupa. Ìlú fi ṣe yẹ̀yẹ́. Isidore ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ti ra bàtà fún ọmọ tí wọn ò tíì lóyún ẹ̀.” Tẹ́tẹ́ bíńgò ọjọ́ Jímọ̀ la kọ́kọ́ ń ta níbẹ̀. Fáda pàápàá ń wá, ó sì ń jẹ, mo ní láti jẹ́wọ́ pé mo máa ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, àwọn ìlú tí odò wọn ṣì dára bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìrẹsì wọn wá yan. Àwọn ọmọ wa rí iṣẹ́. Nígbà ìkórè, òórùn ìrẹsì yíyan á gba gbogbo ìlú, Delima á dúró lójú fèrèsé ọ́físì rẹ̀, á fa imú. Á ní, “Ti àwọn ará òkè odò nìyí.” Á tún fa imú. Á padà jókòó.

Ìyá rẹ̀ ló kó àìsàn kan ràn án, ìyẹn àìsàn kí èèyàn máa wá ìtọ́wò kan ṣoṣo. Nígbà tí màmá fẹ́ kú, wọn ò jẹ nǹkan kan mọ́. Ìrẹsì ni wọ́n ń béèrè. Delima se èyí tó dára jù nínú ilé ìyanrẹsì, ó fi omi ẹran sí i, ó fi ṣíbí bù ú sí wọn lẹ́nu. Màmá jẹ ẹ́ pẹ́, wọ́n dijú.

“Ó dùn,” ni wọ́n wí. “O kú iṣẹ́. Tiwa dà?”

“Màmá, ó ń bọ̀.”

“Hẹn ẹn. Èmi ń lọ ní tèmi. Ìwọ ló máa jókòó dè é.”

A sin wọ́n tòun ti rosárì lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni Delima kò ti jẹ ìrẹsì kankan mọ́. Ó máa ń bù ú fún àlejò, á wo ẹnu wọn. Ó di ẹni tó ń ṣí adágún, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti jẹ́: ẹni tó ń wo ìrẹsì bóyá ó ti gbó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Adágún tí kò ní ìrẹsì ló wá ń ṣọ́. Ní ìparí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, á lọ sí etí Kọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà, á fún omi ní tábà díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn baba ńlá wa, á wo omi lásán, á padà wálé. Fáda ń rí i, á máa wo òkè bíi pé ó ń wá ẹyẹ. Èmi ń gbàdúrà sí Ánà Mímọ́ ní tèmi, nítorí ìyá àgbà Olúwa wa ni, ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ ìyá àgbà á yé e.

Lẹ́yìn èyí ni Àkọ̀ padà wá. Irun rẹ̀ ti ń pá, orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, ó ti di ọ̀gá. Iṣẹ́ mìíràn ló bá wá, ó ń gba ibẹ̀ kọjá ni, ó ní òun kò lè kọjá láìkí Delima. Ó jókòó sídìí tábìlì. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ fún wa pé òun ṣì máa ń ròyìn ìrẹsì ọjọ́sí fún ìyàwó òun.

Delima gbé abọ́ igi náà wá. Ó nù ún. Ó gbé e ka iwájú rẹ̀, ó fi ṣíbí sí i, ó sì jókòó.

Kò sí nǹkan kan nínú abọ́ náà.

Tíì tí Isidore ń mu fẹ́rẹ̀ẹ́ pá a lórí. Èmi wolẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí nínú ilé kankan láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ó dà bíi pé obìnrin náà bọ́ aṣọ níwájú àlejò.

Àkọ̀ wo abọ́, ó wo Delima. “Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?”

“Rárá o. Máa jẹun. Ìrẹsì adágún wa nìyẹn.”

Nígbà náà ni Delima wá sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀: awọ mùúsù, ọ̀nà òkè odò, àpò tó ṣẹ́kù fún àwọn ìbátan. Isidore fi kún un pé, “Kóòtù mi.” Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà fi ìka kan inú abọ́ bíi pé nǹkan lè wà níbẹ̀ tí ojú òun kò rí. Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà?”

“O ti jẹun lọ́dọ̀ mi,” ni Delima wí.

Àkọ̀ dìde, ó dì mọ́ ọn, ó lọ. A rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ilé-iṣẹ́ náà, ìpàdé lórí ìpàdé, ẹnjinníà lórí ẹnjinníà, Delima sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Níkẹyìn, wọ́n fọwọ́ sí i pé láti ìgbà tí yìnyín bá ti yọ́ títí ewé ìrẹsì yóò fi dìde dúró, àwọn kò ní jẹ́ kí omi kún. Àkọ̀ ti fẹ̀yìn tì kí ó tó di àmúṣẹ. Ó fi káàdì Kérésì ránṣẹ́, ó ya àwòrán abọ́ sí i. Kò mọ àwòrán yà rárá.

Ọdún àkọ́kọ́, nǹkan kan ò hù. Èkejì, ewé mélòó kan. Lọ́dún yìí, mo ń fọ àwo nínú ilé mi, mo gbọ́ tí Delima ń pariwo orúkọ mi láti etí omi bí ẹni tí ejò bù jẹ. Mo sáré lọ tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́. Kọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ti di àwọ̀ ewé. Irúgbìn tó ti sùn nínú ẹrẹ̀ láti ayé ìyá rẹ̀ ló jí yẹn, bí ọmọ Jáírù.

Ìlú kò sùn mọ́. Marlin, olórí ìlú wa, tó jẹ́ pé Delima ló fi owó iṣẹ́ rẹ̀ rán an nílé ìwé, ti ní kí wọ́n tẹ báàgì tí wọ́n máa fi ta ìrẹsì náà, tó ní orúkọ Kọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà lára. Ó wá sílé Delima tòun ti ọ̀kan lọ́wọ́.

“Ìyá àgbà, ẹ wo báàgì yín. Ìgbà wo lẹ máa ṣí adágún?”

Delima yí báàgì náà síwá sẹ́yìn. “Ó rẹwà. Màá lọ wò ó.”

“Àwọn oníbàárà ti ń dúró o.”

“Ìwọ náà dúró.”

Òwúrọ̀ tí a lọ, atẹ́gùn kò fẹ́. Delima sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀ lókè ilẹ̀kùn, ó nu eruku ara wọn sí yẹ̀rì rẹ̀. Èmi ni mo dúró sẹ́yìn ọkọ̀ tí mo ń fi ọ̀pá gígùn tì í, ó jókòó síwájú, ó wọ súwẹ́tà búlúù rẹ̀. Ìrẹsì ga ju orí wa lọ níbòmíì. Níbòmíì, omi lásán ni. Bí ọkọ̀ ti ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ń dún ṣíoṣíoṣío lára igi ọkọ̀, Delima sì dẹ orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi pé wọ́n ń pè é. Ó tẹ díẹ̀ ba, ó nà án lẹ́ẹ̀kan. Èso já sínú ọkọ̀. Ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sún mọ́ imú, ó dijú.

Ó pẹ́ kó tó lajú. “Rosali, ó fọ́nká jù.”

“Mo rí i.”

“Bí a bá gbọ̀n ọ́n lọ́dún yìí, kí ló máa bọ́ sínú ẹrẹ̀?”

Mo mọ òfin náà bó ti mọ̀ ọ́n: ìrẹsì tó bá fọ́nká, a kì í fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ ló ń gbìn. Ṣùgbọ́n mo wo ọrùn rẹ̀ tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, mo ronú ohun tí dókítà ìlú Kenora sọ nípa ọkàn rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kúnwọ́ kan ṣoṣo. Màá yan án nínú agbada mi. Ta ló máa rí wa? Ọlọ́run á dárí jì wá.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ onírosárì! Ọlọ́run á dárí jì wá, mo mọ̀. Ìrẹsì ńkọ́?”

Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú omi. Ó ṣa èyí tó kù nínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ wọ́n sómi, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èmi ń wo òkè bíi Fáda.

Marlin ń dúró létí omi tòun ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Delima ní, “Mo ti adágún pa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.”

“Ìyá àgbà! Báàgì ńkọ́?”

“Báàgì kì í jẹrà.”

“Ṣebí ẹ̀yin gan-an ni ẹ ti ń retí ẹ̀ látọjọ́ yìí?”

“Èmi ni,” ló wí. “Ìyẹn ni mo ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń retí. Ẹ jẹ́ n kọ́ yín.”

Wọ́n kùn, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ lé e. Mo mú un lọ sílé, mo bá a bọ́ súwẹ́tà. Èso ìrẹsì wa ní irun gígùn kan nídìí tó máa ń kọ́ èèyàn láṣọ. Ẹyọ kan ti kọ́ ọ lápá. Mo yọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo gbé e ka orí tábìlì níwájú rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ ò jí èyí. Òun ló tẹ̀ lé yín wálé.”

Delima wo ẹyọ náà. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sókè, ó gbé e sún mọ́ ètè rẹ̀ débi pé mo rò pé ó ti wọ ẹnu rẹ̀. Mo bẹ Ánà Mímọ́ nínú ọkàn mi kó jẹ́ kó wọlé. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

“Bá mi gbé bàtà mi, Rosali.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹyọ kan!”

“Ẹyọ kan ni. Ó máa ń di púpọ̀.”

A tún padà sí etí omi kí oòrùn tó wọ̀, orúnkún rẹ̀ ń ké, tèmi náà ń ké. Ó da ẹyọ náà padà sí Kọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà, ó sì dúró wò ó títí n kò fi mọ ohun tó ń wò mọ́.

Àwọn tó mọ̀ nípa ìrẹsì sọ pé ọdún tó ń bọ̀ ló máa nípọn tó, bí omi bá dúró síbi tó yẹ. Dókítà kò sọ ti ọdún tó ń bọ̀. Mo ti ń bá Ọlọ́run sọ ọ́ láràárọ̀. Mo ní Hesekáyà yí ojú sí ògiri, ó sunkún, Ó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un, bẹ́ẹ̀ Hesekáyà kò fi ọjọ́ kan ayé rẹ̀ jà fún ìrẹsì. Ọdún kan péré ni mò ń tọrọ fún Delima.

Ọ̀pá rẹ̀ kò padà sókè ilẹ̀kùn. Ó fi wọ́n ti ògiri lẹ́bàá bàtà rẹ̀. Abọ́ igi náà wà lórí tábìlì, ó ti fọ̀ ọ́, kò sì dojú rẹ̀ dé.